Apikán Ẹ̀yìnkùlé Kì Í Ṣe Oògùn Tí A Ti Wọ̀n

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín àwa tí a ń gbin ewé sẹ́yìnkùlé ní Ovwian, òun ni mo sì fẹ́ tún ṣe níbí. Àwọn kan gbà pé apikán tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, tó ń bomi rin, tó mọ ìgbà tó hù, kò léwu bíi ti inú igbó. Wọ́n ní bí ẹni tó ń lò ó bá ti mọ iye ewé tó ń já, oògùn ló ń lò. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè. Ẹ̀rí mẹ́ta ni wọ́n máa ń kó sílẹ̀. Wọ́n ní ilé ìwòsàn gan-an ń lo èròjà inú rẹ̀. Wọ́n ní ikọ́ fée máa ń rọlẹ̀ bí aláìsàn bá fa èéfín ewé náà. Wọ́n tún ní bí a bá sè é kó hó dáadáa, oró inú rẹ̀ á tán. Òótọ́ ni ẹ̀rí kìíní. Òótọ́ wà nínú ìkejì náà. Irọ́ gbuu ni ìkẹta. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èrò tí wọ́n gbé kà á lórí ò ní lè dúró.

Ilẹ̀ Urhobo ni Ovwian, ní ìjọba ìbílẹ̀ Udu, ní òdìkejì odò sí Warri. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ irin Delta Steel ní Ovwian-Aladja lọ́dún 1982, oríṣiríṣi ẹ̀yà ló ti ń gbé ibẹ̀ pọ̀, Yorùbá sì wà nínú wọn. Bí iṣẹ́ irin ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ kò padà sílé mọ́. Ìmọ̀ ewé tí kálukú gbé wá láti ìlú rẹ̀ sì ti di àmúlùmálà: ìyá kan láti Ọ̀ṣun á kọ́ aládùúgbò rẹ̀ ní àgbo ibà, òun náà á sì kọ́ ewé tí kò gbọ́ rí nílé bàbá rẹ̀. Òjò ibẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ dá, ohun tí èèyàn bá sọ sílẹ̀ ló ń hù. Ewúro, ẹfinrin, ewé tíì àti dóńgóyárò ló sábà máa ń wà lẹ́yìn ilé. Bí apikán bá wá bọ́ sáàárín wọn, lójú ẹni tó ń kọjá, ewé bí ewé ni.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Apikán, tí àwọn mìíràn ń pè ní gẹ́gẹ́mu, tí onímọ̀ ewéko ń pè ní Datura metel, kì í ga ju àyà èèyàn lọ. Ewé rẹ̀ fẹ̀, bí a bá fọwọ́ rún un, òórùn rẹ̀ kò dára. Òdòdó rẹ̀ gùn, ó ṣe gbọọrọ bíi fèrè, ó ń kọjú sókè, ó máa ń là ní ìrọ̀lẹ́; funfun ni tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò lára. Èso rẹ̀ rí roboto, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ló bò ó. Bó bá gbó, á bẹ́, hóró pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ á dà sílẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé hóró ata ni. Ìbátan rẹ̀ kan wà tí àwọn olódòdó ń tà fún ẹwà ojúlé, Brugmansia lorúkọ rẹ̀. Ìyẹn ga bí igi, òdòdó rẹ̀ ń kọjú sílẹ̀, èso rẹ̀ kò ní ẹ̀gún. Èròjà kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ìdílé kan náà sì ni wọ́n pẹ̀lú ata, tòmátì, ìgbá, ọ̀gùnmọ̀ àti tábà, ìdílé tó ń bọ́ wa lójoojúmọ́ tó sì ní apànìyàn nínú.

Ẹ̀rí ilé ìwòsàn ló lágbára jù, òun náà ni wọ́n sì ń ṣì lò jù. Èròjà mẹ́ta ló gbajúmọ̀ nínú àwọn ewéko wọ̀nyí: atropine, hyoscyamine àti hyoscine. Dókítà ń gún atropine fún aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ jù, tàbí ẹni tó jẹ oògùn apakòkòrò. Buscopan tí àwọn obìnrin ń rà fún inú rírun nígbà nǹkan oṣù, láti ara hyoscine ni wọ́n ti ń ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá ní oògùn gidi wà nínú apikán kò parọ́. Àmọ́ ẹ gbé ìṣirò rẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ atropine kan sábà máa ń jẹ́ 0.6 mílígíráàmù. Ìwé British Pharmacopoeia là á sílẹ̀ pé ewé gbígbẹ Datura stramonium, ọmọ ìyá apikán, tí wọ́n bá máa fi ṣe oògùn kò gbọdọ̀ ní èròjà tó dín sí 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé gíráàmù ewé kan ní mílígíráàmù 2.5, ó kéré tán. Ìlọ́po mẹ́rin abẹ́rẹ́ kan ti wà níbẹ̀, ewé ńlá méjì tó gbẹ sì lè tó gíráàmù kan. Ohun tó kéré jù tí òfin gbà ni mo sọ yẹn o. Inú ọgbà kò sí òfin tó ní kó má kọjá ibì kan. Ẹni tó bá bu ẹ̀kúnwọ́ sínú ìkòkò, kò sí bó ṣe lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ méjì ló bù tàbí ogún.

Àwọn tó ń fi irú ewéko yìí ṣòwò kò jẹ́ ka ewé. Igi Duboisia ní ilẹ̀ Australia, tó wá láti ìdílé kan náà, ni wọ́n ń gbìn lóko ńlá nítorí hyoscine. Wọ́n á kó ewé náà lọ sílé iṣẹ́, wọ́n á yọ èròjà inú rẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó di oògùn. Wọ́n mọ̀ pé ewé tó wá láti oko kan náà, ní ọjọ́ kan náà, kì í dọ́gba.

Kí ló fà á tí kò fi dọ́gba? Inú gbòǹgbò ni ewéko náà ti ń ṣe èròjà rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń gòkè lọ sínú ewé, òdòdó àti hóró. Bó bá ṣe dàgbà sí, bí òjò ṣe rọ̀ sí, bí ilẹ̀ ṣe lọ́ràá sí, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń gòkè ṣe ń yí padà. Nítirójìn wà lára ohun tí ewéko náà fi ń ṣe èròjà yìí. Ẹni tó ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí ìdí apikán rẹ̀ nítorí kó lè tutù yọ̀yọ̀ lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ mú oró rẹ̀ le sí i. Ìtọ́jú tí wọ́n ní ó ń sọ ọ́ di ẹni ilé gan-an lè jẹ́ ohun tó ń mú un rorò. Ọ̀rọ̀ gbòǹgbò yìí ti ko ìdílé kan láyà rí ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1963. Wọ́n lọ́ tòmátì mọ́ ìdí Datura nínú ọgbà ilé, kí tòmátì lè gbára da òtútù. Ó so lóòótọ́. Tòmátì náà rí bíi tòmátì, ó sì dùn bíi tòmátì, àmọ́ oró ti gba inú gbòǹgbò gòkè sínú èso. Àwọn tó jẹ ẹ́ dèrò ilé ìwòsàn.

Ní ti ikọ́ fée, mi ò ní bu omi la òótọ́. Lọ́dún 1802 ni James Anderson, dókítà àgbà ní Madras, ṣàlàyé fún ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń fa èéfín Datura fún ikọ́ fée. Àṣà náà wọ Gẹ̀ẹ́sì, ó tàn kálẹ̀, títí wọ́n fi ń ta sìgá onídatura nílé olóògùn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Atropine ń jẹ́ kí ojú ọ̀nà èémí ṣí, ìdí nìyẹn tí àyà fi ń fúyẹ́. Àwọn onímọ̀ sì kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Wọ́n tún atropine ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ipratropium, tó wà nínú ẹ̀rọ kékeré tí aláìsàn ń fín sẹ́nu lónìí. Ìyàtọ̀ pàtàkì tó wà láàárín wọn nìyí: ipratropium kì í fẹ́ẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í dé ọpọlọ. Èéfín apikán ń dé ibi gbogbo. Ẹni tó ń sọ pé òun kò nílò oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu torí pé apikán wà lẹ́yìn ilé òun, ohun tí wọ́n ti fi nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́ nínú ewé náà ni kò mọ̀ pé òun kọ̀ sílẹ̀. Bàbá arúgbó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún burú jù fún. Bí ìtọ̀ bá ti ń ṣòro fún un tẹ́lẹ̀, èròjà yìí lè dí i pátápátá.

Ó kù síbi sísè. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú jù, nítorí ẹ̀rí tó ta kò ó pọ̀ dé ibi pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì máa sọ ọ́. Èròjà yìí kì í sá fún iná, omi gbígbóná a sì máa fà á jáde kúrò nínú ewé wọnú ọbẹ̀. Lọ́dún 1676, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n rán lọ sí Jamestown, ní Virginia, já ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé Datura, wọ́n sè é bí ẹ̀fọ́, wọ́n jẹ ẹ́. Robert Beverley, tó kọ ìtàn Virginia lọ́dún 1705, sọ pé ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi ya dìndìnrìn, tí wọ́n ní láti tì wọ́n mọ́lé kí wọ́n má baà ṣe ara wọn léṣe. Bí ìyẹn bá ti pẹ́ jù, ẹ gbọ́ ti Áfíríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ní agbègbè Karamoja ní Uganda, nǹkan bí 300 èèyàn ni àìsàn kọlù lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ògì tí àjọ World Food Programme pín. Èèyàn 5 kú. Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà Datura ló wà nínú ìyẹ̀fun náà. Kò sẹ́ni tó gbìn ín síbẹ̀. Ìdọ̀tí oko ló bá a wọlé. Ògì ni, wọ́n sì gbé e kaná. Iná kò bá wọn mú ohunkóhun kúrò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àpẹẹrẹ ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ ká padà sílé, ká sọ̀rọ̀ tábà, ọmọ ìyá apikán. Ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí gìrì bá gbé ọmọ, ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù rẹ. Ewé tábà, ááyù, ẹfinrin, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe àwọn tó kórìíra ọmọ ló ń ṣe é. Ìyá àgbà tó ti tọ́ ọmọ mẹ́wàá ló ń rọ ọ́ mọ́ ọmọ lẹ́nu, tọkàntọkàn. Àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn wá ń rí i pé ọmọ tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn àgbo yìí kì í jí dáadáa, àwọn mìíràn kì í sì í jí rárá. Lọ́dún 1983, Oyebola ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí ohun tó wà nínú àgbo náà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara àti bó ṣe ń pani. Ó ń dín èémí kù, ó sì ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Nicotine inú ewé tábà sì wà lára olórí ọ̀daràn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́ mọ́ra: ibà tó le máa ń já ṣúgà ọmọ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ibà náà ló sì sábà ń fa gìrì. Àgbo tó yẹ kó gbé ọmọ dìde wá ń ti i lọ sí ibi tí àìsàn ti ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀. Tábà kò ṣàjèjì sí wa o. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ti ń gbìn ín, olúkúlùkù ló mọ ewé rẹ̀. Mímọ̀ tí a mọ ewé náà kò gba ọmọ kankan là.

Ibí yìí ni òwe wa kan ti ń ṣe wá ní jàǹbá. Àwọn àgbà ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni fún ọ̀pọ̀ ewé. Ẹni tí àgbo ewúro rẹ̀ kò bá korò tó, kó fi kún un, ojú rẹ̀ á kàn fún pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fa èéfín apikán tí àyà rẹ̀ kò tíì fúyẹ́, tó wá gbà pé ewé ni kò pé, tó fi méjì kún un, ààlà tó wà láàárín oògùn àti ikú tóóró débi pé ewé kejì náà lè jẹ́ ìyàtọ̀. Hanaoka Seishū, oníṣègùn ará Japan, ló fi àdàlù tí Datura wà nínú rẹ̀ kun obìnrin kan lóorun lọ́dún 1804 kó tó gé kókó jẹjẹrẹ kúrò ní ọmú rẹ̀, ìyẹn ju ogójì ọdún lọ kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó fi ether ṣe irú rẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wá ìwọ̀n rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìdánwò náà pàdánù ojú rẹ̀. Bí ìwọ̀n bá nira tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ mìíràn, kí ni ká wá sọ nípa ẹni tó ń dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ tó ń já ewé lẹ́bàá ògiri?

Ìdàkejì àṣìṣe yìí náà wà, mi ò sì ní fi í sílẹ̀ torí pé ó ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Àwọn ọmọ wa tó ń wo fóònù ti ń rí i kà pé ẹ̀fọ́ ọ̀gùnmọ̀ wà nínú ìdílé májèlé, wọ́n sì ti ń bá ìyá wọn jà nídìí ìkòkò. Wọ́n gbé e pọ̀ mọ́ Atropa belladonna, ewéko ilẹ̀ Yúróòpù tó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìyẹn ń fẹ́ òtútù, kò bá ooru etí òkun wa mu. Èso rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dá so, ìdí èso kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ bí ìràwọ̀. Èso ọ̀gùnmọ̀ kéré, ìdì ni ó ń so. Ewé ọ̀gùnmọ̀ tí a sè jẹ́ ẹ̀fọ́ tí Yorùbá ti ń jẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èso rẹ̀ tútù tí kò tíì pọ́n nìkan ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ, torí solanine wà nínú rẹ̀, bó ṣe wà nínú ọ̀dùnkún òyìnbó tó ti di aláwọ̀ ewé. Ó yà mí lẹ́nu pé ilé kan náà lè lé ọ̀gùnmọ̀ jáde kó sì fi òdòdó Brugmansia ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Bí ẹnì kan bá ti jẹ apikán tàbí tó mu ún, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, awọ ara á gbóná láìlàágùn, dúdú inú ẹyinjú á fẹ̀, ọkàn á máa lù kìkì, ìtọ̀ kò ní jáde. Lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí á máa fọwọ́ mú ohun tí kò sí níwájú rẹ̀. Àwọn Hausa mọ̀ ọ́n: haukata yaro ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni ohun tó ń sọ ọmọdé di wèrè. Nílé tiwa, ibi tí àìsàn bá ti dé ìsọkúsọ, wọ́n á ní ayé ti ṣe é, wọ́n á gbé e gba ilé àdúrà lọ, wọ́n á sì dè é mọ́lẹ̀ nínú ooru, nígbà tí ara rẹ̀ kò lè làágùn mọ́. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló ń ṣòfò bẹ́ẹ̀. Àdúrà lè bá a dé ọsibítù.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀rọ̀ rẹ̀ kò ti òkèèrè wá. Ní Calabar láyé àtijọ́, àwọn Efik máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní ẹ̀wà kan, esere, kó jẹ ẹ́. Bó bá kú, ó jẹ̀bi. Lọ́dún 1855, dókítà Robert Christison ní Edinburgh jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe, ara rẹ̀ kò gbà á, ó sì sáré gbé omi tó fi ń fá irùngbọ̀n mu kó lè bì. Lọ́dún 1864, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Jobst àti Hesse yọ physostigmine jáde láti inú ẹ̀wà náà, lọ́dún kan náà sì ni dókítà Kleinwächter lo èyí tí wọ́n fà jáde látinú ẹ̀wà yẹn ní Prague fún àwọn tí atropine ti dà lórí rú. Ibi tí atropine bá tì, physostigmine á ṣí i. Títí dòní ó wà lára ohun tí àwọn dókítà mọ̀ sí májèlé yìí, ṣùgbọ́n òun náà ń pani bí ìwọ̀n rẹ̀ bá yẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ wá esere kiri.

Ẹni tí apikán bá wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ovwian, kó hú u tòun ti gbòǹgbò kí èso tó bẹ́, kó fi ọ̀rá bọ ọwọ́, kó má sì nu ojú títí á fi fọ ọwọ́ rẹ̀. Kó ri í mọ́lẹ̀. Kó má ṣe sun ún, torí èéfín rẹ̀ náà ní oró. Hóró tó bá ti dà sílẹ̀ lè pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ kó tó hù, nítorí náà kó máa wo ojú ibẹ̀ nígbà òjò tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bó bá sì ti wọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kí wọ́n má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Warri lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì já ẹ̀ka kan tó ní ewé, òdòdó àti èso ẹlẹ́gùn-ún dání, kí dókítà lè rí i.